Ọwọ́ Kò Gbọdọ̀ Ṣófo

Aago mẹ́ta ni ọkùnrin kan so mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan, ó sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì ń sáré, àwọn ọkọ ń rìn síwá sẹ́yìn; òun nìkan ni kò mira. Obìnrin aránṣọ kan tí ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, tí kò dúró sójú kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tẹjú mọ́ ọn títí ó fi fẹ́ kọsẹ̀ lára korobá omi.

"Ẹ rọra o," ni ọkùnrin náà wí. "Korobá yẹn ti ṣáájú yín débí."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ẹ ń tajà ni, tàbí ọwọ́ yín kan ṣoṣo ló ní ìpàdé mẹ́ta?"

"Atúnaagoṣe ni mí. Ọ̀kan ń ka ìrọbí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọ̀kan ń ka ìsinmi rẹ̀, ìkẹta ń ka bí a ti ń retí ẹni tí Ẹgbẹ́ Adúrótì ní kí ó wá."

"Èmi ni ẹni náà."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú méjìlá pẹ́."

Abẹ́rẹ́ ni ìyá aránṣọ yìí ń pè é, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Bí ó bá wọlé, ó ti tún jáde. Bí ó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò sí níbẹ̀. Oṣù méjì sẹ́yìn ni ó wọ Ẹgbẹ́ Adúrótì. Obìnrin mẹ́rin ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nínú yàrá kan. Wọ́n ti di mọ́kàndínlógún, bẹ́ǹṣì kò gbà wọ́n mọ́, ẹni tó bá sì pẹ́ dé ìpàdé, etí fèrèsé ni àga rẹ̀. Wọn kì í gbẹ̀bí, wọn kì í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í sanwó fún wọn. Kí wọ́n dúró ti ẹni tí ń rọbí ni iṣẹ́ wọn: kí wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́yìn, kí wọ́n bu omi sí i lẹ́nu, kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá Ẹgbẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gbé kalẹ̀: ọwọ́ tí o bá ti dì mú, má fi sílẹ̀ títí ọwọ́ mìíràn yóò fi gbà á. Ọwọ́ ẹni tí ń rọbí kò gbọdọ̀ ṣófo.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Abẹ́rẹ́ yóò dá nìkan dúró ti ènìyàn nìyí. Ọkọ obìnrin tí ń rọbí náà wà lójú omi, nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí ó fi di aago kan ọ̀sán, Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ṣe é bí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n aago ara ògiri yàrá náà ti kú, ẹsẹ̀ sì ti ń yún un.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi àbúrò yín léèrè iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín ìrora kan sí èkejì."

"Má pẹ́ o."

Agbẹ̀bí kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń to irinṣẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yọ jáde.

"Ìṣẹ́jú mélòó ni?"

"Mẹ́ta. Ṣé ẹ̀yin náà ń rọbí ni? Ẹsẹ̀ yín kò dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i."

"Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n bá yín tún un ṣe. Mo ti tún èyí tó ń sáré jù ú lọ ṣe rí."

Ẹ̀rín pa á. Ó fèsì, ọkùnrin náà fèsì padà, ọ̀rọ̀ fa ọ̀rọ̀ yọ. Igbe ọmọ tuntun ni ó gé ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu wọn.

Nígbà tí ó fi sáré wọlé, ọmọbìnrin náà ti dé, ara rẹ̀ le, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ìka ìyá ọmọ dì mọ́ irin ibùsùn.

"Mo nawọ́," ni ó wí, kò sì pariwo. "Mo nawọ́, n kò bá ẹnikẹ́ni."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣọ̀kan: ìṣẹ́jú mẹ́fà ni Abẹ́rẹ́ fi wà níta.

Ní ìpàdé ọjọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ dìde kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló fi ọ́ sùn?"

"Èmi ni, mà."

"O ṣeun tí o wí i. N kò lé ọ. Ṣùgbọ́n o kò ní dúró ti aláboyún kankan mọ́ títí obìnrin náà yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ pè ọ́."

"Bí kò bá pè mí ń kọ́, mà?"

"Aṣọ ìkókó pọ̀ nílẹ̀ tí a ó máa ká."

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbọ́. Agbẹ̀bí ni òun náà fún ogójì ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì fi ojú ire wo ẹgbẹ́ náà rí. "Mo sọ fún ọ, àbí n kò sọ? Ẹni tí kò lè jókòó jẹun tán, òun ló fẹ́ jókòó ti ìrora ẹlòmíràn!"

"Ẹ sọ ọ́, Màámi."

Ní Ọjọ́bọ̀, atúnaagoṣe gbé sòkòtò kan wá sí ìsọ̀ aránṣọ, ó ní ó gùn jù. Abẹ́rẹ́ gé e láìwo ojú rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, sòkòtò náà ni. Ó ṣì gùn jù. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ìyá Abẹ́rẹ́ tó ń ṣa bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè.

"Onísòkòtò, ṣé ẹsẹ̀ rẹ ló ń súnkì ni? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, fìlà ni a ó fi í rán."

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Màá dé fìlà náà."

Ìyá pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu, ó wọlé lọ. Atúnaagoṣe rẹ ohùn sílẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ mi, wò mí lójú."

"Ta ni tìrẹ? Àwàdà rẹ ló dá mi dúró síta."

"Òótọ́ ni. Èmi ló yẹ kí n lé ọ padà wọlé. Jẹ́ kí n bá ọ gbé ẹ̀bi náà lápá kan."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ń bínú?"

Ẹni tí ń tún aago ṣe kò mọ irọ́ í pa. "Kò fẹ́ kí n dárúkọ rẹ létí òun."

"Máa lọ ilé nígbà náà. Bí mo bá fẹ́ ọ, ojú wo ni n ó máa fi wo ẹ̀gbọ́n rẹ lójoojúmọ́?"

Ó ká sòkòtò rẹ̀, ó lọ. Ìyá yọjú.

"Ọwọ́ ẹnì kan fún wákàtí mẹ́fà, o kò lè dì í mú. Ọwọ́ ọkọ ni wàá wá dì mú fún ogójì ọdún?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó rán apá aṣọ mọ́ ọrùn. Ó rìn dé oríta ní ìgbà mẹ́ta láìmọ ohun tí ó ń wá lọ. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ara rẹ̀ ni kò gbára lé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù dún. Ìyá ọmọ, ẹ̀gbọ́n atúnaagoṣe, ni.

"Ọmú mi kan ti wú, ó ti ṣọyún. Lọ́la ni dókítà fẹ́ là á. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìwọ ni kí o wá."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kẹ̀?"

"Ìwọ ni. Àbúrò mi ní o kò gbàgbé. Ẹni tí kò bá gbàgbé kò ní tún un ṣe."

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni Abẹ́rẹ́ jókòó, ó sì di ọwọ́ náà mú. Àwọn dókítà pẹ́ kí wọ́n tó dé orí ìyá ọmọ. Wọ́n là á, wọ́n dì í. Ẹsẹ̀ yún Abẹ́rẹ́, ó fi èkejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìka rẹ̀ kú tipiri. Ó gbọ́ ohùn atúnaagoṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò bojú wẹ̀yìn.

Lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo inú yàrá fún ìgbà pípẹ́, ó sì padà lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Onísòkòtò, kí ni aago rẹ wí?"

"Wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, mà."

"Kò jókòó tó bẹ́ẹ̀ rí. Àní nínú mi pàápàá."

Ó gbé oúnjẹ lé e lọ́wọ́. "Wọlé lọ gbà á, kí ó jẹun."

Atúnaagoṣe wọlé, ó na ọwọ́. "Fún mi, olólùfẹ́ mi. Lọ mu omi."

"Ọwọ́ rẹ dà? Kí n mọ̀ ọ́n lára ná."

Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò tú ìka kan títí ìka ọkùnrin náà fi pa dé pátápátá. Nígbà tí ó sì pa dé tán, òun náà kò tètè yọ ọwọ́ kúrò. Ìyá ọmọ, tí oorun oògùn ṣì ń kùn, sọ̀rọ̀ láìlajú:

"Ẹ̀yin méjèèjì, ọwọ́ tèmi ni kí ẹ dì mú o. Ẹ yé di ara yín mú."

Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá Ẹgbẹ́ fún Abẹ́rẹ́ ní aláboyún tuntun. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, atúnaagoṣe àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé tọ ìyá Abẹ́rẹ́ wá, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, sòkòtò ọkùnrin náà sì dé orúnkún.

"Màámi, Abẹ́rẹ́ ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, Màámi."

"Ó dára." Ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sórí tábìlì, ó dì í mú. "Mo ti di èyí mú fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀yin ni ẹ lófin. Dì í mú kí n tó tú tèmi."

Ọkùnrin náà dì í mú. Ìyá kò tú tirẹ̀.

"Màámi, ó ti dì í mú."

"Mo rí i. Mo ń wò ó bóyá ó dì í dáadáa ni."

Nígbà tí ó ṣe, ó tú u. Lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ Abẹ́rẹ́ ń jó bí ìṣe rẹ̀. Lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ kò mì.