Ebè Tó Sán Lójú Ọ̀run

Eruku ọ̀nà Ìdòfin ti sọ Keziah di pupa rúsúrúsú láti irun dé bàtà nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ìlọ́fà, síbẹ̀ kò gbọn ara. Ńṣe ló dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń wo bí eruku náà ṣe ń yí po nínú ìtànṣán oòrùn, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ajíbọ́lá wà lórí àkàbà, ó ń de sólà mọ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.

“Sista, ẹ kú eruku o! Ṣé kí n bu omi wá, àbí páńkéèkì lẹ fi ṣe?”

“Ẹ fi í sílẹ̀, iṣẹ́ mi ni.”

Ó ṣàlàyé fún un pé ní yunifásítì Ìlorin, àwòrán àwọn ìràwọ̀ tí kò tíì dàgbà lòun ń yẹ̀ wò. Eruku a máa yí wọn ká bí àtẹ, inú eruku yẹn sì ni Ọlọ́run ti ń mọ àwọn ayé tuntun.

“Báwo lẹ ṣe ń rí ohun tí Ọlọ́run ò tíì mọ tán?”

“Ojú ipa rẹ̀ la máa ń wò.”

“Ẹ bá mi wo tèmi náà.”

“Tiyín ti hàn jù. Sípánà ti bọ́ lọ́wọ́ yín.”

Lóòótọ́, ó ti bọ́.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, “ẹ” ti di “o” láàárín wọn, “sista” sì ti di “ìfẹ́ mi”. Nígbà tí iṣu tuntun máa fi dé, orúkọ wọn ti dé inú ìkéde ìgbéyàwó, èyí tí wọ́n máa ń kà ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta.

Akọ̀wé ìjọ kò mọ ohun tí yóò kọ síwájú iṣẹ́ Keziah. Ló bá kà á síta pé: “Ajíbọ́lá Ìbítóyè, oníṣẹ́ sólà, àti Keziah Ọmọ́níyì, awòràwọ̀.”

Ìwé orin fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ìbítóyè, bàbá ọkọ. Awòràwọ̀ tí òun mọ̀ nínú Bíbélì ni àwọn tó ń wo ìràwọ̀ sọ kádàrá ẹni.

“Ajíbọ́lá, tí wọ́n bá ka ìkéde yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, màá dìde tako ó. Ẹni tó ń wo ìràwọ̀ èèyàn ò ní wọ ilé àdúrà mi.”

Ajíbọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Keziah sunkún, ó gbàdúrà. Nígbà tó di Sátidé tó ṣáájú ìkéde kẹta, ó gba oko Bàbá lọ. Ó bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìka wa ilẹ̀.

“Ẹ kú oko, sà. Kí lẹ ń wá?”

“Iṣu.”

“Ṣé ẹ ti rí i ni?”

“Ṣé èmi náà ń wo ìràwọ̀ ni? Ṣé o ò rí i pé ebè ti sán? Tí iṣu bá ń ta nísàlẹ̀, ebè á sán.”

Keziah kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ fóònù, ó sì fi àwòrán ìràwọ̀ kan hàn án. Ìmọ́lẹ̀ kan wà láàárín àwòrán náà, eruku yí i po, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì la eruku náà yípo.

Bàbá sún mọ́ ọn. Ó dijú kan.

“Háà! Ó sán!”

“Ó sán, sà. Ayé kan ló ń ta níbẹ̀.”

“Ta ló kọ ebè yìí?”

“Ọlọ́run ni. Èmi kàn ń wo ebè ni, sà. Mi kì í wo ìràwọ̀ ẹnikẹ́ni.”

Bàbá ju iṣu kan sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní kó máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé ka ìkéde kẹta, ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìdí tí ìgbéyàwó náà kò fi gbọdọ̀ wáyé.

Bàbá Ìbítóyè dìde. Keziah di ọwọ́ Ajíbọ́lá mú ṣinṣin.

“Mo ní ẹjọ́. Ẹ pa ‘awòràwọ̀’ yẹn rẹ́. Ẹ kọ ‘àgbẹ̀’.”

“Àgbẹ̀ wo, Bàbá?”

“Àgbẹ̀ ojú ọ̀run! Ọlọ́run ń kọ ebè, ọmọ yìí ń bá wa wò ó bó bá ti sán.” Ó yíjú sí Keziah. “Kí ni oríkì rẹ?”

“Àríkẹ́, sà.”

“Àríkẹ́, wá jókòó tì mí.”

Ajíbọ́lá náà dìde.

“Ìwọ jókòó,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ta ló pè ọ́?”