Fáìlì Tó Ń Tóbi Sí I

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ò dá, wọ́n bá olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó ti kú. Àbúrò rẹ̀ ló ké sí àwọn ọlọ́pàá.

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?" Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá bi í.

"Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àárọ̀ yìí ni mo wá kí wọn, mo bá bá wọn báyìí. Ẹsẹ̀ wọn ló yọ̀." Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, bẹ́ẹ̀ ojú náà gbẹ háúháú.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gun òkè lọ sí yàrá tó kọjú sí àtẹ̀gùn. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ṣú dùdù. Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò, tí wọ́n ránṣẹ́ pè, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lẹ bá Bàbá ṣe sórí ẹ̀rọ yìí?"

"Ọ̀gá, ọmọ wọn obìnrin wà lókè òkun. Wọ́n ń fi ohùn gba ìtàn ìgbà èwe wọn sílẹ̀ fún un. Mo wá fi ètò kékeré kan sí i, tó ń to orúkọ gbogbo fáìlì wọn sójú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ náà lè máa rí èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Odindi ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Bàbá ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àfi kí n kọ́ wọn."

Ó ṣí ojú ìwé náà lórí fóònù. Orúkọ fáìlì tò wá sísàlẹ̀, pẹ̀lú wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó. Èyí tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán àná.

"Ẹ tún un ṣí." Ó tún un ṣí. "Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sún mọ́ fóònù náà. Fáìlì yẹn ń tóbi sí i. Ó tẹ bọ́tìnnì tó wà lójú kọ̀ǹpútà, iná tàn: ẹ̀rọ náà ṣì ń gba ohùn.

Ó pe àbúrò olóògbé wọlé. "Ta ló pa ojú kọ̀ǹpútà yìí lánàá?"

"Èmi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà o."

"Mo gbà yín gbọ́. Arábìnrin yìí mọ̀ pé téèyàn bá pa ojú ẹ̀rọ, etí rẹ̀ ṣì lè là sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fura sí i. Ẹni tí ò mọ̀ ló rò pé òun ti pa gbogbo ẹ̀."

Ó dá gbígba ohùn náà dúró, ó sì tan ohun tí ẹ̀rọ náà ti gbà sílẹ̀. Ohùn ọkùnrin náà gba inú yàrá kan: "Tẹ́ ẹ bá fi ilé bàbá wa sílẹ̀ fún ọmọ yín nìkan, mi ò ní gbà!" Olùkọ́ àgbà dáhùn pé, "Fi ẹ̀wù mi sílẹ̀!" Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́ gbì, gbì, gbì, lórí àtẹ̀gùn, àti ìró ilẹ̀kùn tí ẹnì kan tì.

Àbúrò náà figbe ta. "Mi ò fẹ́ pa wọ́n! Mo kàn tì wọ́n ni. Wọ́n ṣì ń mí nígbà tí mo lọ."

"Wọ́n ṣì ń mí, o sì tilẹ̀kùn mọ́ wọn."

Nígbà tó di ọ̀sán, Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dá jókòó ní ọ́fíìsì, ó gbọ́ ìyókù ohùn náà. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ olóògbé lókè òkun, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Láti àná ni mo ti ń rí fáìlì yẹn," ọmọ náà ní. "Inú mi ń dùn. Mo ní ìtàn ti dùn mọ́ Bàbá lẹ́nu lónìí. Ọ̀gá, ṣé wọ́n pe orúkọ mi?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó gbé e mì.

"Wọ́n pè yín," ló wí. "Títí ilẹ̀ fi ṣú."

Ó fi fóònù sétí bẹ́ẹ̀, ó ń gbọ́ ẹkún, kò sì gbé e kalẹ̀.