Ife Ọ̀gá

"Dì í mú, Ọ̀gá! Ó kù díẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó na ife omi sí i.

Ọmọ ọdún méje ni Ọ̀gá. Kò sẹ́ni tí kì í pàṣẹ fún nínú ilé, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọpọlọ rẹ̀ ló fara pa kí ìyá rẹ̀ tó bí i, ni tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ fi le. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú.

Bàbá wọn, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ń bọ̀ wálé nípàrí oṣù. Ọ̀gá ti búra pé òun á fọwọ́ ara òun mumi níṣojú rẹ̀.

Ojú ń kán Ẹ̀gbọ́n. Ó ti rí ọmọbìnrin kan tí irú àìsàn Ọ̀gá ń ṣe nílé ìwòsàn, tí wọ́n so àpò yanrìn kéékèèké mọ́ lọ́wọ́, tó sì ń di síbí mú dáadáa. Ló bá rán méjì, ó so wọ́n mọ́ Ọ̀gá lọ́wọ́, ó sì ń fa ìka rẹ̀ ṣí tipátipá. Yéè! Ṣe ni ọwọ́ náà ká jọ pátápátá. Ife ṣubú, Ọ̀gá figbe ta.

"Má fọwọ́ kàn mí mọ́! Mi ò fẹ́ ife kankan mọ́!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ẹ̀gbọ́n wọra. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ bá olùtọ́jú iṣan nílé ìwòsàn náà, tí àwọn ọmọdé sọ ní Àǹtí Rọra, ó sì ròyìn ohun tó ṣe fún un.

"Ta ló ní kó o so yanrìn mọ́ ọn?"

"Mo rí i lọ́wọ́ ọmọ kan ni, mà. Ṣebí àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n?"

"Orúkọ kan náà ni, ẹ̀yà rẹ̀ ló yàtọ̀. Ọwọ́ ọmọ yẹn kì í dúró sójú kan, ni mo ṣe fún un ní yanrìn. Àwọn kan wà tí wọn ò lè dúró déédéé, wọ́n á máa ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún. Ti Ọ̀gá, iṣan ló le. Ó lè mú apá kan ara, ó lè mú ẹsẹ̀ méjèèjì, tirẹ̀ mú tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹlòmíì tiẹ̀ ní oríṣi méjì pọ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú ńkọ́?"

"Kì í bà jẹ́, mà."

"Èyí tá a bá fagbára mú?"

"Ní í le koko." Omijé bọ́ lójú Ẹ̀gbọ́n.

Láti ọjọ́ náà, bí Àǹtí Rọra ṣe kọ́ ọ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló fi ń wẹ ọwọ́ àbúrò rẹ̀, á wá dúró kí ìka ṣí. Ọ̀gá kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ.

Bàbá dé. Bó ṣe rí ife omi níwájú Ọ̀gá, ó nawọ́ sí i. "Jẹ́ n bá ọ dì í mú."

"Rárá o! Bàbá, ẹ jókòó! Ẹ rọra, ọwọ́ mi ń bọ̀."

Bàbá jókòó. Gbogbo wọn ń wò. Ìka ṣí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ọwọ́ méjèèjì sì gbá ife mú. Ìdajì omi dà sí ṣòkòtò Bàbá, ìdajì wọ ọ̀fun Ọ̀gá. Ẹkún ayọ̀ ni Bàbá ń sun.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró dè mí," Ọ̀gá wí. "Ó yá, ẹ bu òmíì wá!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìfẹ́ nìkan ò tó. Ẹni tá a bá fẹ́ràn, ẹ jẹ́ ká mọ bí tirẹ̀ ṣe rí, ká sì ní sùúrù fún un.