Ta Ló Ń Kun Pátákó Averwick?

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gba ìtàn yìí gbọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ò tíì kú tán, pátákó náà kò sì tíì kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Averwick, níhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wọ rélùwéè lọ wò ó. Kó má ṣáà fọwọ́ kàn án.

Oyè Averwick ti kú láti ọdún 1826. Lọ́ọ̀dù márùn-ún péré ló jẹ ẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ gbé ìbátan ọba pamọ́ sínú àgbá ìyẹ̀fun nígbà ogun, ọba sì fi oyè dá a lọ́lá. Ẹnì kejì pàdánù ojú kan níbi ìjà tí wọ́n jà nítorí ajá. Ẹnì kẹta bí ọmọbìnrin méje kó tó rí ọkùnrin kan bí. Ẹnì kẹrin jókòó ọgbọ̀n ọdún ní ilé ìgbìmọ̀ àwọn lọ́ọ̀dù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló la ẹnu níbẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun ti fèrèsé. Ẹnì karùn-ún, Ralph Thirlby, kò gbéyàwó. Ẹṣin gbé e ṣubú níbi tó ti ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó sì gbabẹ̀ kú. Miles, àbúrò rẹ̀, ti ṣáájú rẹ̀ lọ sọ́run, gbogbo ìlú ló sì gbà pé Miles náà ò gbéyàwó. Ọmọkùnrin tí a bí nínú ìgbéyàwó nìkan ló lè jogún oyè náà. Bó ṣe parẹ́ nìyẹn.

Láyé ìgbà yẹn, bí ẹni ńlá bá kú, wọ́n á kun pátákó kan fún un, onígun mẹ́rin tó fi igun kan dúró. Wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kun ojú rẹ̀, asà ìdílé á wà láàárín, ẹyẹ ìdílé á sì bà lé orí asà. Ẹnu ọ̀nà ilé òkú ni wọ́n ń gbé e kọ́ fún ọdún kan, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí òkú náà bá jẹ́ ẹni ìkẹyìn nínú ìdílé, wọn kì í kun ẹyẹ. Agbárí ni wọ́n ń kùn síbẹ̀. Àṣá ni ẹyẹ ìdílé Thirlby, àmọ́ agbárí ló wà lórí pátákó Ralph.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1974, àlùfáà Pascoe gbé pátákó náà fún Muriel Thirlby pé kó bá wọn fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ Muriel nìyẹn, àwòrán àtijọ́ ló ń fi òwú àti oògùn fọ̀ káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, kò lọ́kọ, òun nìkan sì ni ọmọ tí bàbá rẹ̀ bí.

Bàbá náà ń jẹ́ Wilfrid. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi dúró sídìí àmì rélùwéè, tó ń sọ fún ọkọ̀ pé kó máa bọ̀ tàbí kó dúró. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń wá. Ó ní Miles fẹ́ Betsy, ọmọ oníbúrẹ́dì, níkọ̀kọ̀, wọ́n sì bí Jonas, ọ̀dọ̀ Jonas sì ni òun ti ṣẹ̀ wá. Ìlú ní irọ́ ni, pé ọmọ àlè ni Jonas. Ìwé ìgbéyàwó ọdún 1788 wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fa ojú ewé kan ya nínú rẹ̀. Ogójì ọdún ni Wilfrid fi wá ojú ewé yẹn. Bó bá yọ sí ilé ọtí, ẹnì kan á dìde, á tẹrí ba: "Lọ́ọ̀dù Rélùwéè, ẹ káàbọ̀ o." Wilfrid á bá wọn rẹ́rìn-ín. Muriel mọ̀ pé ẹ̀rín náà kò dénú.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Muriel da pátákó náà dojú dé sórí tábìlì nínú yàrá tí àlùfáà ti ń wọṣọ. Bàbá rẹ̀ gbé tíì àti búrẹ́dì ẹlẹ́yin wá fún un, ó sì jókòó tì í. Muriel ṣí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn pátákó. Nǹkan kan jábọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Bébà ni, Bàbá. Ó jọ pé wọ́n fi dí àlàfo."

"Tú u."

"Ẹ jẹ́ n rọra. Ó ti gbó."

"Rọra o. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni mo ti ń rọra, ìwọ náà má pẹ́."

Muriel fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tú u. Ó kà á. Ó tún un kà sókè: Miles Thirlby, àpọ́n, àti Betsy Hobb, wúńdíá, a so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 1788. Ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i.

 Wilfrid ṣí fìlà, ó tún un dé. Lẹ́yìn náà ló dìde dúró ṣánṣán, ó sì gbé apá kan sókè, bí àmì rélùwéè ṣe máa ń gbé apá sókè tí ọ̀nà bá ti là. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Muriel náà gbé apá tirẹ̀ sókè. Àwọn méjèèjì wá dúró báyẹn nínú yàrá àlùfáà bíi wèrè, inú wọn dùn débi pé wọ́n ń gbọ̀n.

"A kì í ṣe ọmọ àlè," Wilfrid wí. "Muriel, a kì í ṣe ọmọ àlè."

Wọ́n yí pátákó náà padà kí wọ́n lè wo ojú Ralph, kí wọ́n sì kí i. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ agbárí náà ti lọ. Ẹsẹ̀ ẹyẹ kan wà níbẹ̀, ó pupa ràkọ̀ràkọ̀ bíi pupa ẹyin, pẹ̀lú èékánná mẹ́ta.

"O ti ń fọ̀ ọ́ ni?"

"Mi ò tíì fi òwú kan ojú ẹ̀."

"Àṣá wa nìyẹn. Abẹ́ agbárí ló wà látọjọ́ yìí."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," Muriel fèsì.

Ó fi ìka kan ẹsẹ̀ ẹyẹ náà. Nígbà tó gbé ìka rẹ̀ sókè, ọ̀dà wà lórí rẹ̀. Tútù ni. Ọ̀dà tó ti gbẹ láti ọdún méjìdínláàádọ́jọ. Ó nu ìka náà sára épírọ́ọ̀nù rẹ̀, kò sọ fún bàbá rẹ̀.

Wilfrid fóònù ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oyè ní Lọ́ńdọ̀nù. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kó fi ojú ewé náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ tó fọwọ́ sí. Bó ṣe ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn nílé, bẹ́ẹ̀ ni pátákó náà ń yí padà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́rú, ẹsẹ̀ di méjì. Lọ́jọ́bọ̀, ìyẹ́ apá ti jáde. Àwọn ará ìlú ń wọ́ wá wò ó. Àlùfáà Pascoe ní ọ̀rinrin ló fà á. Len Oxley, ẹni tó ni ilé ọtí, wo pátákó náà títí, ó wá yíjú sí Wilfrid.

"Lọ́ọ̀dù Averwick," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá mu ife kan lọ́dọ̀ mi lálẹ́."

Wilfrid rìn padà sílé bí ọkọ ìyàwó. Ó ní oyè náà kò kú rí, ó kàn sùn ni, òun lòun jí i. Ta ló máa bá a jiyàn?

Lọ́jọ́ Ẹtì, Muriel ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì jókòó ti pátákó náà. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn ẹyẹ ń dún níta.

Wọ́n dákẹ́.

Ó gbọ́ ọ. Fììì. Fììì. Ohùn búrọ́ọ̀ṣì lórí igi. Láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló ti mọ ohùn yẹn, kò lè ṣì í gbọ́. Ó tẹjú mọ́ pátákó. Kò sí ohun tó mì. Ó ṣẹ́jú. Ìyẹ́ kan ti lé. Ó tún ṣẹ́jú. Ojú àṣá náà ti là, dúdú, ó ń dán, ó ń wò ó.  Ẹ̀rù ba Muriel, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó ń ronú kan bàbá rẹ̀ níwájú ìlú, kí wọ́n máa dìde fún un láìṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Wilfrid wá sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àpòòwé ńlá. Ó ti fọwọ́ sí ìwé. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń lọ, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fi han àṣá.

Nǹkan tuntun wà lábẹ́ asà. Fìtílà rélùwéè ni.

"Tèmi nìyẹn," Wilfrid pariwo bí ọmọdé. "Wo gíláàsì ẹ̀. Wo ibi tó ti sán nígbà òtútù ọdún 1947. Muriel, wọ́n mọ̀ mí."

 Òkè ni Muriel ń wò. Ojú àṣá tó là lánàá ti di ihò. Àgógó rẹ̀ ti ń funfun, eyín ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀.  Pátákó òkú ni. Wọn kì í kùn ún fún ẹni tó wà láàyè. Ọmọkùnrin nìkan ló sì ń jogún oyè, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ kò bí ọkùnrin. Lọ́jọ́ tí Wilfrid bá jẹ lọ́ọ̀dù, òun náà ni ẹni ìkẹyìn.

"Bàbá, ẹ má fi ìwé yẹn ránṣẹ́."

"Kí ló dé?"

"Pátákó yín ni wọ́n ń kùn. Ẹ wo orí ẹyẹ yẹn."

Wilfrid wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń kùn ún mọ́," ó ní jẹ́jẹ́. "Oníṣẹ́ gidi ni."

"Mo bẹ̀ yín."

"Muriel, mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mélòó ló kù? Kí n jẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan péré, kò sẹ́ni tó máa pe Jonas lọ́mọ àlè mọ́."

"Èmi ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ fi lọ́ọ̀dù ṣe? Bàbá nìkan ni mo ní."

Wilfrid yí àpòòwé náà lọ́wọ́, ó tún un yí.  Lẹ́yìn náà ló fi í sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Dá a padà síbi tó o ti rí i," ó ní. "Èmi ti mọ̀. Ìyẹn náà tó." Ó dé fìlà rẹ̀. "Ẹja wà lórí iná. Má pẹ́."

Muriel ti ilẹ̀kùn tẹ̀lé e. Ó ki ojú ewé náà bọ inú àlàfo rẹ̀, ó fi igi dé e, ó kan ìṣó mẹ́rin.  Ohùn búrọ́ọ̀ṣì ń dún lábẹ́ pátákó ní gbogbo àsìkò yẹn, fììì, fììì, pẹ̀lú ìkánjú.

"Fi bàbá mi sílẹ̀," ó sọ ọ́ sókè.

Ohùn náà dá. Bí ìgbà tí ẹnì kan dẹtí sílẹ̀ ló rí.

Ó yí pátákó náà padà. Fìtílà ti lọ. Àṣá ti lọ. Agbárí ti padà sípò rẹ̀, pẹ̀lú àgbọ̀n àti eyín. Muriel fi ìka kàn án, ó gbẹ. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún ayọ̀. Bàbá rẹ̀ bọ́.

Fììì.

Kò fẹ́ ṣẹ́jú. Ó di ojú mú títí omi fi kún un. Ó ṣẹ́jú. Èjìká ọ̀tún asà náà ti lọ. Ó ṣẹ́jú. Ti òsì ti lọ. Wọ́n ń gé asà náà, wọ́n ń fà á gùn, wọ́n ń sọ ọ́ di dáyámọ́ńdì, bíi ti inú káàdì. Ó ti tó ogún irú rẹ̀ tí Muriel ti fọ̀ láwọn ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Asà wà fún ẹni tó ń lọ sógun, ọkùnrin ni wọ́n ń kùn ún fún. Bí òkú bá jẹ́ obìnrin, dáyámọ́ńdì ni wọ́n ń kùn fún un.

Obìnrin kan ṣoṣo ló kù nínú ìdílé Thirlby.

Kò sá. Ó fi ìka kan igun dáyámọ́ńdì náà, ọ̀dà dúdú tútù sì lẹ̀ mọ́ ọn léèékánná. Ó kó òwú rẹ̀ jọ, ó da aṣọ bo pátákó náà, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ́ ohùn náà títí ó fi dé ọ̀nà.

Wilfrid ti tẹ́ tábìlì. Ó bu ẹja àti ànàmọ́ sáwo fún un.

"Ṣé kíkùn náà ti dá?"

"Ó ti dá, Bàbá."

"Ó dáa." Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó gbìyànjú, ó rẹ́rìn-ín, èyí sì dénú díẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo máa sin mí. Lọ́jọ́ náà, bá mi kun àṣá kékeré kan sára pósí, síbi tí kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Màá kùn ún, Bàbá," Muriel dáhùn. Ọ̀dà dúdú ṣì tutù lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó kó ọwọ́ sábẹ́ tábìlì.