Ọ̀já Ọrùn Bamse

"Awò orí ìbọn tí wọ́n fi ń ríran lóru ni mo fẹ́," ni Signe Tollefson wí, "ṣùgbọ́n kó má wọ́n o. Àgùntàn la ń sìn, a ò ní kànga epo."

Ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù ìbọn náà rẹ́rìn-ín. Denton Pruitt lorúkọ rẹ̀. Ó ga, etí rẹ̀ sì tóbi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Etí yẹn ni Signe kọ́kọ́ fẹ́ràn lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kí ló ń dà yín láàmú?"

"Kóyótè. Àwọn ajá igbó burúkú yẹn. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́, wọ́n ti pa ọmọ àgùntàn mọ́kànlélógójì fún bàbá mi. Ọ̀fun ni wọ́n ń bù jẹ, wọ́n á wá fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹyẹ."

Ẹ̀rín kúrò lójú Denton. Ó gbé awò mẹ́ta kalẹ̀.

"Ẹ má ra èyí. Òtútù ilẹ̀ wa á ti pa bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kí lèyí. Ẹ má ra èyí náà. Wọ́n kọ irínwó yáàdì sára páálí rẹ̀, òótọ́ sì ni, ẹ máa rí ojú méjì tó ń tàn ní irínwó yáàdì, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ojú ta ni. Ibi tí ẹ ti lè dá nǹkan mọ̀ ni kí ẹ náwó lé, kì í ṣe ibi tí ẹ ti lè rí i lásán."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ọgọ́rùn-ún yáàdì péré lagbára rẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n kò ní parọ́ fún yín."

"Ẹ ò mọ ọjà tà o. Èyí tó pọ́ọ́kú jù lẹ fi ń lọ̀ mí."

"Bóyá mo kàn fẹ́ kí ẹ padà wá ni."

Ojú ti Signe, ó sì yára sọ̀rọ̀ míì. "A ní ajá funfun kan tó ń ṣọ́ àwọn àgùntàn. Bamse là ń pè é. Màmá mi ló fi ìgò mílíìkì tọ́ ọ láàárín àwọn ọmọ àgùntàn, lọ́dún tí màmá mi kú gan-an. Bí mo bá ṣèèṣì yìnbọn lù ú, kí bàbá mi kúkú yìn ín lu èmi náà."

Denton wọ abẹ́ káńtà, ó mú téèpù kan jáde, irú èyí tó máa ń wà lára aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì. "Ẹ rán èyí mọ́ ọ̀já ọrùn rẹ̀. Awò yìí ní iná tirẹ̀ tí ojú lásán kì í rí. Bí iná yẹn bá ti kan téèpù, ọrùn Bamse á tàn yòò. Ẹ̀bùn ni."

Kí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà tó jinná, Signe ti fi abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ rán an, ó rán an ní ìlà mẹ́ta kó má baà tú.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Denton ní òun fẹ́ wá wò ó bóyá awò náà jókòó dáadáa lórí ìbọn. Ó wò ó ní Sátidé kan, ó tún wò ó ní Sátidé kejì. Ní ẹ̀kẹrin, Signe bi í pé, "Ṣé awò yìí ò ní jókòó láéláé ni?" Ó ní, "Ìfẹ́ mi, èmi ni mi ò tíì jókòó." Bamse ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Á gbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọkàn Signe á sì fò sókè.

Òfin kan ṣoṣo ni Signe ṣe fún Denton: "Ohun tí ọrùn rẹ̀ bá tàn, tiwa ni. Ohun tí ọrùn rẹ̀ ò bá tàn, má dá a sí."

Arvid, bàbá Signe, kò fẹ́ gbọ́ rárá.

"Ọmọ káńtà," ó wí nídìí tábìlì, "ọwọ́ rẹ rọ̀ bíi búrẹ́dì. Ṣé o ti gbẹ̀bí àgùntàn rí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé àgbò ti kàn ọ́ rí?"

"Ó di òní kó tó kàn mí, sà."

Ó kù díẹ̀ kí Arvid rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé e mì pẹ̀lú kọfí. "Ọmọ àgùntàn igba ló kù mí kù. Bí o bá lè bá mi dáàbò bò wọ́n dé ọjọ́ ọjà oṣù kẹsàn-án, mo fi ọmọ fún ọ. Bí wọ́n bá tún pa mí lẹ́kún, káńtà rẹ ń dúró dè ọ́."

Denton pa kóyótè mọ́kànlá láàárín oṣù méjì. Ṣùgbọ́n ẹranko yẹn gbọ́n. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, wọ́n ti mọ ibi tí awò náà mọ, wọ́n sì ń dúró ní àádọ́jọ yáàdì títí ọkùnrin náà á fi sùn lọ. Ọmọ àgùntàn mẹ́fà tún kú. Arvid ń ka àwọn tó kù ní àràárọ̀, kíkà náà sì ń pa Signe lára ju èébú lọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjà pé nígbà tí Denton dé lọ́jọ́ Ẹtì láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó ti ta gàárì tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó ti fi í ra awò míì, àlòkù, èyí tí ń rí ooru ara ẹranko láti ọ̀nà jíjìn.

"Denton, gàárì yẹn!"

"Ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́, kì í ṣe gàárì."

Òun àti Arvid jọ gòkè lọ pẹ̀lú ìbọn. Signe gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń pariwo bí ọmọdé pé, "Mo rí eku! Signe, mo rí eku láti ibí!" Ó pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀. Signe lọ sùn pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kì í gbabẹ̀.

Ìbọn dún kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Signe wà nídìí sítóòfù, ó pàtẹ́wọ́. "Ìkan ti lọ," ó wí fún ara rẹ̀, ó sì gbé kọ́ọ̀bù kọfí mẹ́ta kalẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń bọ̀ nísàlẹ̀ òkè. Denton gbé nǹkan kan mọ́yà. Nǹkan náà funfun.

"Mo rí ẹranko kan tó tẹ̀ ba lórí abo àgùntàn kan," Denton wí níwájú ilé. "Kóyótè ti bù ú jẹ, ó ti sá lọ. Bamse ló ń ṣọ́ ọ. Ọrùn rẹ̀ ò tàn, Signe. Mo wò ó, mo tún un wò, ọrùn rẹ̀ ò tàn!"

"Mo rán an dáadáa." Ó fọwọ́ kan ọ̀já ọrùn náà. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀, téèpù kò tú.

"Kì í ṣe ìránṣọ rẹ. Ooru ara nìkan ni awò tuntun yìí ń rí, kò ní iná tó máa kan téèpù. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ ọ́ fún wọn, Signe! Inú mi ló dùn jù, ni mi ò bá rántí."

"Èmi ni mo ní kó yìn ín," Arvid wí, ó sì lọ mú ṣọ́bìrì.

Ìdí igi ápù tí ìyá Signe gbìn ni wọ́n sin Bamse sí. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kóyótè pa ọmọ àgùntàn mẹ́tàlélógún, nítorí kò sí ẹni tó ń gbó mọ́. Arvid kò dúró de ọjọ́ ọjà. Ó pe àwọn tó ń ra ẹran, wọ́n sì kó gbogbo àgùntàn lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tìyátọmọ. Pápá náà dákẹ́.

Nígbà tí Denton padà wá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Kò sí ohun tó gbó. Ìgbà tó kanlẹ̀kùn ni Signe tó mọ̀ pé ó dé.

Arvid wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì," ó wí. "Bí ẹ bá ṣì fẹ́ra yín, mi ò ní dí yín lọ́wọ́." Ó wọ yàrá lọ, ó ti ìlẹ̀kùn.

Gbólóhùn tí Signe ti ń gbàdúrà fún láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Ó dé, kò sì rí ibi kankan nínú ara rẹ̀ tó lè gbé e sí.

"Mo ti fi káńtà sílẹ̀," Denton wí. "Mi ò lè ta awò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mò ń lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ìpínlẹ̀ Montana. Ìfẹ́ mi, bá mi lọ."

"Mo ti dárí jì ọ́, Denton. Ọlọ́run gbọ́, mo ti dárí jì ọ́ látọjọ́ kìíní."

"Kí ló wá dé?"

"Tí mo bá ti ń retí ọkọ̀ rẹ, mo máa ń dúró kí Bamse kọ́kọ́ gbó. Màá máa dúró bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Wàá máa rí i lójú mi. Á pa ọ́."

Ó fọwọ́ kan etí ńlá rẹ̀ nígbà ìkẹyìn. Denton di ọwọ́ náà mú, ó sunkún sínú rẹ̀, ó sì jáde.

Signe dúró lẹ́nu ọ̀nà. Arvid ti fi ọ̀já ọrùn Bamse kọ́ orí òpó ẹnubodè, kò sì sí ẹni tó láyà láti mú un kúrò. Bí ọkọ̀ Denton ṣe yíjú síbẹ̀, iná rẹ̀ kàn án, téèpù náà sì tàn yòò nínú òkùnkùn, gẹ́gẹ́ bí Denton ṣe ṣèlérí fún un lórí káńtà.

Ọkọ̀ náà dúró. Ó dúró pẹ́. Signe gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kò gbé ìkejì. Nígbà tó yá, ọkọ̀ yà sójú títì, ọ̀já ọrùn náà sì ṣókùnkùn padà.